Kùkùté Inú Ike Bíríkìlà

Ọgbà Wendelin, etí odò Neckar, Jámánì
6 oṣù kẹta, 1988

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ kú ìdààmú àgùntàn. Mo dé láyọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi fì wá síbí fì wá sọ́hùn-ún títí ilẹ̀ fi mọ́. Kí ọkọ̀ tó ṣí ní èbúté Arbatax, mo wo ẹ̀yìn títí, mò ń wá fìlà yín láàárín èrò. Màmá nìkan ni mo rí. Ó ní àgùntàn kan ń rọbí ni ẹ ò fi lè wá. Bàbá, ọmọ kan ṣoṣo lẹ bí, àgùntàn yín ò lóǹkà. Ó dáa náà.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi níbí ni fífọ àwo. Kì í ṣe àwo oúnjẹ, àwo tí wọ́n ń gbin igi sí ni. Ọ̀gbẹ́ni Wendelin, ọ̀gá wa, kì í jẹ́ kí ẹni tuntun fọwọ́ kan igi rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ iṣẹ́ òun gidi, kó gbé igi tirẹ̀ wá, kí òun fi mọ irú ojú tó ní. Ó fún mi di oṣù kẹwàá ọdún tó ń bọ̀. Tí igi mi bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á gbà mí. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, àwo ni n ó máa fọ̀ títí tí yóò fi sú mi tí n ó fi wálé.

Igi náà ni kùkùté ólífì igbó tí Bàbá Bore yọ̀ǹda fún mi, èyí tí a hú lórí àpáta kí katakata tó ń la ọ̀nà tó gun orí rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè gbé e rìn báyìí. A ti gé gbòǹgbò rẹ̀, a ti gé ẹ̀ka rẹ̀. Tó bá rìnrìn àjò, ikú ni. Ó gbọ́dọ̀ jókòó sínú ike bíríkìlà tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ńtì, tí mo gbìn ín sí yẹn, títí di ìgbà tí n ó wá gbé e, kó fi ta gbòǹgbò tuntun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bomi rin ín. Ẹ má tú ọ̀rá tí mo fi wé e àfi tó bá rúwé. Ẹ má bu ìgbẹ́ àgùntàn sí i. Òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nínú ike, ẹ má kó o dànù pé kì í ṣe ilẹ̀. Tó bá dà bí ẹni tó ti kú, ẹ má gbà á gbọ́. Yàtọ̀ síyẹn, kí ni mo fẹ́ kọ́ Bachis bàbá mi nípa ólífì? Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí tiyín.

Èmi ọmọ yín,
Bonaria


Ogliastra, Sàdíníà, Ítálì
2 oṣù kẹrin, 1988

Bonaria ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, a sì dúpẹ́ pé ara rẹ le. Ìyá rẹ kà á, ó sunkún, ó tún un kà, ó ní ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ti rù. Mi ò mọ bí ọwọ́ ìkọ̀wé ṣe ń rù. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun. Ó ti di búrẹ́dì pẹlẹbẹ àti wàràkàṣì ránṣẹ́ sí ọ, má fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ jẹ àfi ọ̀gá rẹ, òun náà kó jẹ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àgùntàn yẹn: ó rọbí lóòótọ́, ìbejì ló bí. Má fi há mi létí mọ́.

Ní ti kùkùté rẹ, gbogbo abúlé ló ti wá wò ó. Tí wọ́n bá ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, wọ́n á yà. Bore tó fún ọ ní igi ti ń sọ ọ́ nílé ọtí pé igi ìdáná lòun fún ọmọ Bachis, pé ní báyìí, Bachis ti ń fún igi ìdáná lómi mu. Mo rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má bàa sọ pé inú ń bí mi. Inú ń bí mi.

Ọmọ mi, ṣàlàyé fún mi, torí orí mi ti dàrú. Ólífì igbó kì í so èso tó ṣe é jẹ. Èyí tí o hú yìí ò ga ju orúnkún mi lọ, kò lè ṣíji bo ajá. A ò lè so kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́ ọn. O wá ní nǹkan yìí ni ará Jámánì kan yóò fi mọ̀ bóyá ojú rẹ ríran. Kí ló dé tí kò fún ọ ní màlúù kó ní kí o fún wàrà? Àwo lo sì ń fọ̀. Àwo wà nílé.

Mò ń bomi rin ín láràárọ̀ kí n tó lọ sí pápá. Òkúta jókòó sórí òkúta, mò ń bomi rin ín.

Bàbá rẹ,
Bachis


Ọgbà Wendelin
19 oṣù kẹfà, 1988

Bàbá mi,

Ẹ ṣeun fún búrẹ́dì àti wàràkàṣì. Ọ̀gá mi jẹ díẹ̀, ó tún wá béèrè, mo purọ́ pé ó ti tán.

Ẹ ní kí n ṣàlàyé. Bónsáì ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ̀ àwọn ará Japan ló ti wá: igi kékeré nínú àwo, tó jọ igi ńlá tó ti gbó. Ẹ rántí ólífì igbó tó wà lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè, èyí tí afẹ́fẹ́ òkun ti tẹ̀, tí ìdajì ara rẹ̀ ti gbẹ funfun bí eegun, tí ìdajì kejì ṣì ń rúwé? Irú rẹ̀ là ń wá, tí ènìyàn lè fi ọwọ́ méjì gbé. Ewúrẹ́ ti jẹ kùkùté yẹn láti ìgbà tí a ò tíì bí yín, afẹ́fẹ́ ti lù ú, iná igbó ti kọjá lára rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè jókòó kó fọwọ́ ṣe irú rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n fi wáyà tẹ ẹ̀ka tó bá yọ, kí ó lè bá ara tó wà nílẹ̀ mu. Ọ̀gá mi fẹ́ràn ibi tó gbẹ ju ibi tó ń rúwé lọ. Ó ní ibẹ̀ la ti ń mọ ohun tójú igi rí.

Bàbá, ẹ ò sọ bóyá ó ti rúwé. Oṣù kẹfà ti fẹ́ parí. Ẹ wo abẹ́ èèpo rẹ̀, níbi tí ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́. Ẹ wò ó dáadáa. Tí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ sọ fún mi, n ó gbà á bẹ́ẹ̀. Àìmọ̀ yìí ló ń pa mí lára.

Bonaria yín


Ogliastra
10 oṣù keje, 1988

Bonaria,

Ó ti rúwé.

Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ rí i. Mò ń ti pápá bọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa apá aṣọ mi. Ibi tí o ní kí n wò náà ni, ohun kan tó kéré ju ìrẹsì lọ, àwọ̀ ewé. Mi ò ní purọ́ fún ọ, inú mi dùn. Mo pe Bore wá wò ó, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó ní igi ìdáná òun ti jíǹde. Báyìí, mi ò lè ka èéhù rẹ̀ mọ́. Wọ́n kún fún ẹ̀gún, wọ́n mú bí ẹnu ìyá ìyá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ ire.

Mo ti tú ọ̀rá náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o kọ nípa ibi tó gbẹ ṣì ń rú mi lójú. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, ibi tó gbẹ ni mò ń gé sọnù. Mo ka lẹ́tà rẹ fún ìyá rẹ, mo ní bóyá mi ò kà á dáadáa ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ lo ṣe kọ ọ́.

Ṣé o máa wá fún Kérésìmesì?

Bachis bàbá rẹ


Ọgbà Wendelin
13 oṣù kọkànlá, 1988

Bàbá mi, Màmá mi,

Ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé, mo ń jó láàárín àwo, mo sì fọ́ ọ̀kan. Wọn ò bá mi wí. Mo ya àwòrán kùkùté náà fún ọ̀gá mi, mo tọ́ka sí ibi tí ẹ ní èéhù ti yọ. Kì í ṣe ọlọ́rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mú àwòrán náà lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, ó ń jẹ́ kí n dúró tì í tó bá ń fi wáyà tẹ ẹ̀ka, ó kàn ní kí n má sọ̀rọ̀ ni.

Mi ò ní lè wá fún Kérésìmesì. Mi ò tíì pẹ́ níbí tó ẹni tó lè tọrọ àyè ìsinmi. Ẹ má bínú. Oṣù kẹwàá tó ń bọ̀ ni n ó wá, n ó wá gbé igi mi, gbogbo wa á sì jọ jókòó jẹun.

Ẹ jẹ́ kó máa dàgbà bó ṣe fẹ́. Ọwọ́ yín ló wà, ọkàn mi balẹ̀.

Bonaria


Ogliastra
5 oṣù kejì, 1989

Bonaria ọmọ mi,

A ti ká ólífì tán. Òróró ọdún yìí nípọn, ó ń ta ni lọ́fun bó ṣe yẹ. Orúnkún ìyá rẹ ń dùn ún. Kérésìmesì kọjá, àwo kan lé ní orí tábìlì, ìyá rẹ ló gbé e síbẹ̀, mi ò bá a jiyàn.

Mo fẹ́ kí o mọ ohun tí wọ́n ń sọ sí mi. Láti etí òkun dé orí òkè, kò sí ilẹ̀ tí ólífì igbó wà tí wọn ò pè mí sí kí n wá lọ́ ẹ̀ka rere sára rẹ̀, kó lè máa so èso tó ṣe é jẹ. Nígbà tí wọ́n bí ọ, ìyá rẹ ò tíì dìde lórí ibùsùn tí mo fi mú ọ̀bẹ lọ sẹ́yìn kànga, mo lọ́ ólífì igbó tó wà níbẹ̀ sí rere, bí bàbá mi ṣe ṣe fún èmi náà. Igi rẹ nìyẹn. Òróró rẹ̀ la fi tọ́ ọ. Wàyí o, ólífì igbó ẹlẹ́gùn-ún dúró gbangba nínú àgbàlá èmi Bachis, ẹni tó bá wọlé ló ń rí i. Bore ní onígbàjámọ̀ ni mí tí irun orí ọmọ rẹ̀ di igbó. Gbogbo ilé ọtí rẹ́rìn-ín, títí kan àlùfáà.

Kì í ṣe torí tiwọn o. Ṣùgbọ́n o ní kí n tọ́jú igi yìí bí tèmi, omi nìkan ni mo sì ń fún un láti ọdún tó kọjá. Ìtọ́jú wo nìyẹn? Tí ooru bá bẹ̀rẹ̀, ohun kan wà tí n ó ṣe fún un. Má bi mí léèrè. Nígbà tí o bá rí i, wàá mọ̀ pé o ní bàbá.

Bachis


Ọgbà Wendelin
20 oṣù kẹta, 1989

Bàbá mi,

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ jẹ́ kó fi aṣọ gbígbóná di orúnkún náà.

Mo ka lẹ́tà yín títí, ohun tí ẹ fẹ́ ṣe fún igi náà ò yé mi. Mo rò ó, mo ní bóyá ẹ fẹ́ mọ ògiri yí i ká ni, kí àwọn èèyàn yé wò ó. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mọ ògiri. Oòrùn ló ń jẹ. Ẹ fi Bàbá Bore sílẹ̀ kó máa rẹ́rìn-ín. Igi gaǹganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, èmi sì ti jìnnà jù láti rí i. Ẹ kọ̀wé kíákíá, kí ẹ sọ fún mi pé kì í ṣe ògiri.

Bonaria


Ọgbà Wendelin
28 oṣù karùn-ún, 1989

Bàbá,

Ṣé ara yín le? Ṣé Màmá ni? Mi ò gbọ́ nǹkan kan láti oṣù kejì. Mo pe fóònù ilé ọtí, Bàbá Bore ló gbé e, ó ní ara gbogbo yín le, ó ní igi mi ti lọ sí ilé ìwé. Ó wá ń rẹ́rìn-ín títí owó mi fi tán. Kí ló túmọ̀ sí? Ilé ìwé wo? Ta ló gbé igi mi kúrò nílé?

Ẹ fún mi lésì.

Bonaria


Ogliastra
2 oṣù keje, 1989

Bonaria ọmọ mi,

Má jẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú. Ara wa le. Igi rẹ wà lójú kan náà, kò sí ògiri. Orí rẹ ló ń mọ ògiri. Mi ò kọ̀wé torí mo fẹ́ kí iṣẹ́ náà kọ́kọ́ mú, kí n má lọ ṣèlérí ohun tí ọwọ́ mi ò tíì rí. Ó ti mú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Bore tó ní kámẹ́rà ló ya fọ́tò tí o rí yìí. Wò ó dáadáa. Ṣé igi ìdáná nìyẹn?

Ìyá rẹ fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sísàlẹ̀.

Bachis

Bonaria mi, bàbá rẹ ti sọ igi rẹ di ọmọlúàbí. Ó ń jí wò ó kó tó mu kọfí. Má gbàgbé oúnjẹ rẹ. Màmá.


Ọgbà Wendelin
14 oṣù keje, 1989

Bàbá mi,

Mo gba fọ́tò. Mo wò ó lábẹ́ iná, mo wò ó lábẹ́ oòrùn. Ike bíríkìlà wa ni, àgbàlá wa ni, ẹsẹ̀ Màmá ló wà létí fọ́tò. Ṣùgbọ́n igi ta nìyẹn?

Ewé ólífì igbó kò tó èékánná ọmọ ọwọ́. Èyí tí mo rí gùn bí ìka. Kò sí ẹ̀gún kan lára rẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ nà sókè, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó dán. Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Igi mi ti kú, àbí? Ó kú lákòókò òtútù, ẹ ò fẹ́ kí n mọ̀, ẹ lọ hú ọmọ ólífì níbòmíràn, ẹ rì í sínú ike yẹn kí inú mi lè dùn. Ohun tí Bàbá Bore ń fi rẹ́rìn-ín nìyẹn. Mi ò bínú pé ó kú. Igi tí a hú máa ń kú. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n ń fi ajá mìíràn rọ́pò èyí tó kú fún.

Oṣù kẹwàá ò jìnnà mọ́. Ẹ sọ ọ́ fún mi báyìí, kí n mọ ohun tí n ó sọ fún ọ̀gá mi.

Bonaria


Ogliastra
29 oṣù keje, 1989

Bonaria,

Mo ti ń lọ́ igi kí n tó fẹ́ ìyá rẹ, kò tíì sẹ́ni tó pè mí ní ẹlẹ́tàn. Ọmọ mi ló wá fi ìwé pè mí bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ ní kí n fi èsì yìí di ọ̀la, kí inú mi rọ̀ díẹ̀. Ọ̀la náà ni mò ń kọ ọ́ yìí, kò rọ̀.

Igi rẹ ni. Wo ìdí rẹ̀ nínú fọ́tò, ibi tí ewúrẹ́ jẹ, ibi tí iná jó. Ṣé mo lè ra ìyẹn lọ́jà? Igi rẹ kò kú. Mo lọ́ ọ ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi náà ò lè wà nílé kí ólífì máa hu ẹ̀gún nínú àgbàlá mi. Nígbà tí ooru dé, mo gé gbogbo ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún yẹn, mo la èèpo rẹ̀ lókè, mo ki ẹ̀ka rere bọ abẹ́ rẹ̀, mo dì í, mo fi amọ̀ dí ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Igi tó ń jókòó sórí òkúta, tí gbòǹgbò rẹ̀ ò tíì pé ọdún méjì, gbogbo wọn ní kò lè mú. Ó mú.

O mọ ibi tí mo ti gé ẹ̀ka rere náà? Ẹ̀yìn kànga ni. Láti ara igi tìrẹ ni.

Mo rò pé tí o bá gbé e dé Jámánì, ìwọ náà á ní nǹkan níbẹ̀ tó mọ orúkọ rẹ. Ìwọ lo ní kí n tọ́jú rẹ̀ bí tèmi. Bí mo ṣe ń tọ́jú tèmi nìyẹn. Mo ṣe oore, mo fi gba èébú.

Bachis


Ọgbà Wendelin
12 oṣù kẹjọ, 1989

Bàbá,

Ẹ jì mí, mo pè yín ní ẹlẹ́tàn, ẹ kì í ṣe ẹlẹ́tàn. Ṣùgbọ́n ó sàn kí ẹ ti tàn mí jẹ.

Ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún tí ẹ gé yẹn ni igi mi. Ewé kékeré yẹn ni gbogbo ohun tí à ń wá. Òun ló ń jẹ́ kí igi tí kò ga ju orúnkún lọ jọ igi ńlá. Tí ewé bá gùn bí ìka, igi náà á dà bí ọmọdé tó dé fìlà bàbá rẹ̀. Kò sí wáyà tó lè tún un ṣe. Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo ti ń fọ àwo nítorí ewé yẹn. Mo fi fọ́tò han ọ̀gá mi. Ó wò ó, ó dá a padà fún mi, ó ní, "Ólífì tó dára ni. Gbìn ín sóko." Ó lọ bá iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá, òótọ́ ló sọ.

Mi ò ní wá ní oṣù kẹwàá. Kò sí ohun tí mo fẹ́ wá gbé.

Bonaria


Ogliastra
30 oṣù kẹjọ, 1989

Bonaria,

Lẹ́tà rẹ wà lábẹ́ ìrọ̀rí ìyá rẹ. Kò jẹ́ kí n tún un kà, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n lórí.

Mi ò mọ̀. Ohun tí mo ń fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ẹnì kan lè rí ólífì igbó kó fẹ́ ẹ bó ṣe wà. Ní ibi tí a ti bí mi, tí a bá sọ pé ká tọ́jú ólífì igbó, ohun kan ṣoṣo ló túmọ̀ sí. Mo rò pé o mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ibẹ̀ la ti bí ìwọ náà.

Lánàá mo mú ọ̀bẹ, mo gé ohun tí mo lọ́. Mi ò ṣe irú rẹ̀ rí. Ọwọ́ mi ò mọ ibi tó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ dúró tì mí, ó ní, "Bachis, ṣé ó dá ọ lójú?" Mo ní rárá. Mo gé e.

Kò sí ewé kan lára rẹ̀ mọ́. Ó rí bíi ti ọjọ́ tí o gbé e dé. Mi ò mọ̀ bóyá ó tún lágbára láti hù lẹ́ẹ̀kejì. Bore wá, ó wò ó, kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Bachis bàbá rẹ


Ọgbà Wendelin
2 oṣù kẹsàn-án, 1989

Bàbá mi,

Ẹ má dá mi lóhùn lórí lẹ́tà tí mo kọ kẹ́yìn. Ẹ sun ún.

Mo lẹ fọ́tò yín mọ́ ògiri yàrá mi kí n lè máa bínú sí i. Mo ń bínú sí i láràárọ̀ tí mo bá ń bọ́jú. Níjọ́ kan, ọṣẹ ṣì wà lójú mi, mo rí i pé mo mọ ewé yẹn. Etí rẹ̀ ká díẹ̀ bí ewé igi ẹ̀yìn kànga ṣe máa ń ká lọ́sàn-án. Abẹ́ ewé yẹn ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Ẹ ti sọ ọ́ fún mi nínú lẹ́tà yín, pé láti ara igi mi ni, mo kà á kọjá torí pé inú ń bí mi. Èmi náà lẹ̀bi ọ̀rọ̀ yìí: mi ò sọ̀rọ̀ ewé fún yín rí, mo sì ní kí ẹ tọ́jú rẹ̀ bí tiyín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ fi ẹ̀ka náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi lè má gbà á, àwo ṣì pọ̀ nílẹ̀ tí n ó fọ̀. Mo fẹ́ kí ọwọ́ yín wà lára igi náà. N ó wá ní oṣù kẹwàá, n ó wá wò ó.

Bonaria yín


Ogliastra
18 oṣù kẹsàn-án, 1989

Bonaria ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ bá mi nílé, ṣùgbọ́n kò bá ẹ̀ka náà. Bóyá lẹ́tà tèmi ti dé ọ̀dọ̀ rẹ báyìí, tí o sì ti mọ̀. Nínú lẹ́tà rẹ méjèèjì, èyí tó bínú ló kọ́kọ́ dé, òun ni mo sì gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ìyá rẹ ní ọ̀kan náà ni èmi àti ìwọ, pé kí Ọlọ́run ṣàánú òun.

Má sunkún sí i. Ojú ibi tí mo gé, mi ò fi amọ̀ dí i. Gbogbo ìgbà tí mo bá gé igi ni mò ń dí i, amọ̀ wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, mo wá rántí ohun tí o kọ nípa ibi tó gbẹ, mo da amọ̀ náà nù. Ó ti ń gbẹ. Kò tíì funfun bíi ti orí òkè, ṣùgbọ́n ó ti mú ọ̀nà rẹ̀ pọ̀n. Tí o bá ń wá ọwọ́ mi lára igi náà, ibẹ̀ ni kí o wò. Bóyá bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, bóyá mo tún ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìwọ lo máa sọ.

Nísàlẹ̀ ọgbẹ́ náà, nǹkan kan yọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò tó ìrẹsì. Ti igbó ni. Ẹ̀gún rẹ̀ ò tíì le. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, tí irú èéhù yẹn bá yọ lábẹ́ ibi tí mo lọ́, àtàǹpàkò mi ló ń já a kí n tó ronú. Àtàǹpàkò mi ti kàn án kí n tó rántí. Mo ki ọwọ́ náà bọ àpò, mo lọ bá àwọn àgùntàn.

Mi ò tíì mọ ohun tí igi yìí wà fún. Mo rò pé mo ti mọ̀ nígbà kan, ó tún dàrú mọ́ mi lójú. Mò ń bomi rin ín.

Ọkọ̀ ojú omi oṣù kẹwàá máa ń gúnlẹ̀ ní Arbatax kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Orúnkún ìyá rẹ ò ní jẹ́ kó wá. Tí àgùntàn kan bá fẹ́ rọbí lọ́jọ́ náà, kó rọbí. Fìlà mi ni kí o máa wá láàárín èrò.

Bàbá rẹ,
Bachis